Ọgbà Ẹ̀fọ́ Àjọdá: Ilé-Ìwé Tí Kò Gbọ́dọ̀ Ti Ẹnikẹ́ni Síta



Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ lè kọ orúkọ yín. Ẹ lè ka iye tí wọ́n kọ sára àpò àgbàdo. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ọgbà ẹ̀fọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ dá. A fẹ́ wo bí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ṣe lè di ilé-ìwé fún àwọn àgbàlagbà tí ìlú ti tì sẹ́yìn.

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ko-Koumolou, àti ní gbogbo Ìfọ̀nyìn tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni. A ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà. A ń ṣe epo pupa. Òjò ńlá ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí dé oṣù keje. Òjò kékeré ń rọ̀ láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ẹ̀fọ́ tútù á wọ́n lọ́jà. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ àkùrọ̀ lẹ́bàá odò, tàbí kànga tí kì í gbẹ, ló ń rí ẹ̀fọ́ jẹ, tó sì ń rí i tà.

Ṣùgbọ́n ta ló ní ilẹ̀ àkùrọ̀? Ta ló ní kànga? Opó tí àwọn ẹbí ọkọ ti gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní in. Àlejò tó wá ṣe lébìrà kò ní in. Ìdí nìyí tí ọgbà àjọdá fi dára. Ilẹ̀ kan, omi kan, ọ̀pọ̀ ọwọ́.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì: ọgbà kì í di ilé-ìwé fún gbogbo ènìyàn nítorí pé a pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń di ilé-ìwé nígbà tí ẹni tó wà lẹ́yìn jù lọ bá ní ebè tirẹ̀, tí ó bá ní iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń kà sí iṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ẹgbẹ́.

1. Àáró dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí

Àwọn baba wa ti mọ iṣẹ́ àjọṣe tipẹ́. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ní àáró. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá á pe àwọn ará àdúgbò, á sì fún wọn ní oúnjẹ. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ mélòó kan á máa ṣiṣẹ́ yí ká: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Iṣẹ́ tí o bá ṣe fún mi, iṣẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ fi san án padà.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni àáró ń fi sílẹ̀? Obìnrin tó ní ọmọ ọwọ́ tó ń ṣàìsàn kò lè san àáró padà. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ kò lè kọ ebè tó iye tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ. Arúgbó kò lè ṣe é mọ́. Ẹni tí kò ní oko kò ní ibi tí wọn yóò ti wá san tirẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tó bú wọn. Kò sí ẹni tó lé wọn. Òfin àáró fúnra rẹ̀ ló yọ wọ́n sílẹ̀, nítorí pé ọkọ́ nìkan ni ó fi ń wọn iṣẹ́.

Iṣẹ́ ọgbà ẹ̀fọ́ yàtọ̀. Kì í ṣe ọkọ́ nìkan ni iṣẹ́ níbẹ̀. A gbọ́dọ̀ yan irúgbìn. A gbọ́dọ̀ tọ́jú ọ̀gbìn kékeré kí a tó lọ́ ọ. A gbọ́dọ̀ bomi rin ín. A gbọ́dọ̀ ṣa kòkòrò, dì ẹ̀fọ́, ka owó, kọ ìwé. Àwọn àgbà ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí a bá pín iṣẹ́ náà dáadáa, kò sí ẹni tí kò ní ríbi fi ọwọ́ sí.

2. Àwọn wo ni à ń tì sẹ́yìn?

Nígbà mìíràn a kì í mọ̀ pé à ń ti ènìyàn sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Opó wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó bímọ kí ó tó gbọ́njú wà níbẹ̀, ojú sì ń tì í láti jókòó láàárín àwọn obìnrin. Àlejò wà níbẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ èdè wa dáadáa. Adití wà níbẹ̀. Afọ́jú wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ka ìwé rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú; ó máa ń dákẹ́ ní ìpàdé nítorí pé ó rò pé ọ̀rọ̀ ti ju òun lọ.

Àwọn mìíràn tún wà: àwọn tí àìsàn ti fi àpá sí lára. Nínú wọn ni àwọn tó ti ní ẹ̀tẹ̀ rí, àti àwọn tó ti ní egbò Buruli rí. Egbò Buruli wà ní ẹkùn wa. Ní Pobè, níbi tí kò jìnnà sí wa, ilé ìwòsàn kan wà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àìmọ̀ ló ń mú kí a sá fún àwọn aláìsàn wọ̀nyí.

Egbò Buruli kì í ràn nítorí pé a jọ jókòó tàbí pé a jọ jẹun. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kókó kan lábẹ́ awọ, tàbí wíwú, tí kì í dun ènìyàn. Nítorí pé kò dunni, ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀ títí yóò fi di egbò ńlá. Bí a bá tètè lọ sí ilé ìwòsàn, oògùn wà fún un. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń lo oògùn náà. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó lọ lè yè, ṣùgbọ́n apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ká kò, kó má nà mọ́.

Ẹ̀tẹ̀ náà ní oògùn. Láti 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń rí sí i pé ọ̀fẹ́ ni oògùn náà jẹ́ fún gbogbo ẹni tó ní in. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ẹ̀tẹ̀ dáadáa kì í kó o ràn ẹlòmíràn mọ́. Nítorí náà, àpá kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí ìka rẹ̀ gé, tí apá rẹ̀ ká, lè wá sí ọgbà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ̀ láti ra ẹ̀fọ́ tí ó gbìn.

3. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe

Ohun tí à ń sọ yìí kì í ṣe àlá. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi mẹ́ta tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi oko kẹ́kọ̀ọ́.

Àkọ́kọ́ wà nítòsí wa, ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ní 1985, Godfrey Nzamujo, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, dá Songhai sílẹ̀ níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 1 péré ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní Songhai, iṣẹ́ ni ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbin nǹkan, ó ń sin ẹran àti ẹja, ó sì ń rí i pé ìdọ̀tí ibi kan lè di ohun àmúlò níbòmíràn. Ìgbẹ́ ẹran di ajílẹ̀. Ajílẹ̀ bọ́ ẹ̀fọ́. Kò sí ohun tí à ń dà nù.

Ìkejì wà ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, ní Kalalé. Ní 2007, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà, Solar Electric Light Fund, bá àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ṣiṣẹ́ ní abúlé Bessassi àti Dunkassa. Wọ́n lo ẹ̀rọ tí oòrùn ń gbé ṣiṣẹ́ láti fa omi. Omi náà ń kán díẹ̀díẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́ nínú rọ́bà tó ní ihò. Ọgbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì hẹ́kítà. Àwọn obìnrin tó ń dá ọgbà kọ̀ọ̀kan tó 30 sí 35. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tirẹ̀ tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 120. Ilẹ̀ tó kù, wọ́n jọ ń dá a ni, owó rẹ̀ sì ń wọ àpò ẹgbẹ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí gbé àbájáde jáde ní 2010, wọ́n rí i pé àwọn ilé tó wà nínú iṣẹ́ náà ń jẹ ẹ̀fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí ètò yẹn: ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wà, ti gbogbo wa sì wà. Bí gbogbo ilẹ̀ bá jẹ́ ti gbogbo wa, àwọn alágbára ni yóò máa pàṣẹ lórí rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò ní sí owó tí a ó fi tún kànga ṣe.

Ìkẹta jìnnà sí wa. Ní Indonesia, ní 1989, àwọn òṣìṣẹ́ FAO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé inú oko fún àwọn tó ń gbin ìrẹsì. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àwọn àgbẹ̀ á pàdé nínú oko. Wọ́n á wo ọ̀gbìn. Wọ́n á ka kòkòrò tó wà lára rẹ̀: èyí tó ń jẹ ìrẹsì, àti èyí tó ń jẹ kòkòrò bíi tirẹ̀. Wọ́n á ya àwòrán ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹni tí kò mọ ìwé lè ya kòkòrò. Nípa bẹ́ẹ̀, ó lè dá sí ọ̀rọ̀. Ọ̀nà ẹ̀kọ́ yìí ti dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lónìí.

4. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà fún ọgbà yín

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kọ àdéhùn ilẹ̀ sínú ìwé.

Ọ̀pọ̀ ọgbà àjọdá ń kú nítorí ilẹ̀. Baálé kan á fún ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ pẹ̀lú ẹnu. Nígbà tí ilẹ̀ náà bá ti lọ́ràá, tàbí tí baálé bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á ní àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ má ṣe bú wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Nínú ìwé náà, ẹ kọ: orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́, bí ilẹ̀ náà ṣe tó, ààlà rẹ̀, ọdún tí ẹ ó lò ó, àti ohun tí ẹ ó máa san. Kí ẹni tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí i, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà fọwọ́ sí i, kí olórí abúlé àti àwọn ẹlẹ́rìí náà fọwọ́ sí i. Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rì sọ̀rọ̀, kí wọ́n sọ fún yín ohun tí òfin ilẹ̀ tó jáde ní 2013 béèrè.

Ẹ tún mọ èyí: òfin ẹbí orílẹ̀-èdè Benin, tó jáde ní 2004, sọ pé ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ní ẹ̀tọ́ kan náà sí ogún. Obìnrin tó bá sọ pé òun ní ìpín nínú ilẹ̀ baba òun kò ya aláfojúdi. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pín ebè ní gbangba.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tó kọ́kọ́ dé yan ebè tó sún mọ́ omi. Àwọn tó lókun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹ kọ́kọ́ ya ebè tó sún mọ́ kànga sọ́tọ̀ fún arúgbó, fún aboyún, àti fún aláàbọ̀ ara. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà ebè tó kù sórí bébà kéékèèké, ẹ ká wọn, ẹ kó wọn sínú igbá. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ kíkà nìyí pẹ̀lú: kí oníkálùkù ka nọ́ńbà tirẹ̀ sókè, kó wá a lórí igi tí ẹ kọ nọ́ńbà sí, kó sì dúró sídìí ebè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ tún ọ̀nà àti ebè ṣe kó lè ba ara mu.

Kí ebè má fẹ̀ ju mítà 1 lọ. Ẹni tó jókòó sórí àpótí lè na ọwọ́ dé àárín irú ebè bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀nà tó lọ sí kànga fẹ̀ tó mítà 1, kí ẹni tó ń fi igi rìn tàbí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè kọjá. Fún ẹni tí kò lè tẹ̀ba, ẹ lè fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó gbé ebè kan sókè dé orúnkún tàbí ìbàdí. Fún afọ́jú, ẹ na okùn láti ẹnu ọ̀nà dé ebè rẹ̀, kí ẹ sì ta kókó sí okùn náà níbi tí ebè kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á mọ tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí koríko. Imú rẹ̀ á mọ ewúro àti ẹfinrin.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka gbogbo iṣẹ́ sí iṣẹ́.

Ibí yìí ni ọgbà ti gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí àáró. Ẹ jọ jókòó, ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ ọgbà sórí pátákó. Ẹ ṣe àdéhùn pé wákàtí 1 ni wákàtí 1. Ẹni tó fi wákàtí 1 roko, ẹni tó fi wákàtí 1 yan irúgbìn, ẹni tó fi wákàtí 1 ṣọ́ ọmọ àwọn tó ń roko, bákan náà ni wọ́n. Àwọn kan lè kọ́kọ́ kùn. Ẹ bi wọ́n: bí kò bá sí ẹni tó yan irúgbìn rere, kí ni ìwọ ìbá máa roko sí?

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ní ìwé ẹgbẹ́.

Ìwé kan ṣoṣo ti tó, ṣùgbọ́n kó má ṣe wà ní ilé alága nìkan. Ẹ máa kà á sókè ní gbogbo ìpàdé. Báyìí ni ẹ ṣe lè kọ ọ́:

Ọjọ́: Ọjọ́rú
Nọ́ńbà ebè: 14
Iṣẹ́ tí a ṣe: yíyan irúgbìn ilá
Wákàtí: 2
Owó tó dá: 100 fránkì
Àmì ọwọ́: ……

Ẹni tí kò tíì lè kọ orúkọ rẹ̀ lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ lóṣù yìí. Lóṣù tó ń bọ̀, kó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ tó kórè ilá lẹ́ẹ̀mejì, yóò ti lè kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín ẹnì kan ṣoṣo lè lé ènìyàn kúrò nínú ẹ̀kọ́ títí ayé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń dákẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ní ìpàdé wa, àwọn àgbà ọkùnrin ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti sọ tiwọn, ta ni yóò tún sọ òmíràn? Nínú ọgbà, ẹ lè yí i padà láì tàbùkù àgbà. Kí ìpàdé wáyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Kí ẹni tó ni ebè sọ ohun tó rí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà yóò fi ìmọ̀ràn kún un. Bí adití bá wà láàárín yín, ẹ jọ wá àmì ọwọ́ fún omi, irúgbìn, kòkòrò àti owó. Bí àlejò kò bá gbọ́ Yorùbá, kí ẹni tó gbọ́ Gùn tàbí Tọ̀rí bá a túmọ̀ rẹ̀.

5. Ohun tí ebè ń kọ́ wa nípa ìlera

Tẹ̀tẹ̀ kì í pẹ́ hù. Láàárín oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn tí a ti gbin irúgbìn rẹ̀, a ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Nítorí náà, ó dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò ní dúró pẹ́ kó tó rí èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ewédú náà kì í pẹ́. Ilá ń gbà tó oṣù méjì. Ẹ lè gbin gboma, tòmátì àti ata pẹ̀lú.

Ewé tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú dáadáa ní ohun tó ń fún ara ní ẹ̀jẹ̀, ó sì ní ohun tó ń ran ojú lọ́wọ́. Aboyún àti ọmọdé nílò rẹ̀ jù. Ẹ má ṣe sè é pẹ́ jù. Bí a bá mu ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ, ara á lè gba ohun tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ náà dáadáa. Epo pupa díẹ̀ nínú ọbẹ̀ náà ń ṣe ojú lóore.

Ẹ má ṣe ta gbogbo ẹ̀fọ́ tán. Kí ẹgbẹ́ ṣe òfin pé ti ilé ni a ó kọ́kọ́ yọ, kí a tó di ti ọjà.

Ní ti oògùn kòkòrò, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Oògùn òwú kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́. Ní 1999, ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, oògùn òwú kan tó ń jẹ́ endosulfan pa àwọn ènìyàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ́n oògùn tí kò sí ẹni tó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ẹ má ṣe bu omi mu nínú ìgò tó ti gba oògùn rí. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tí kò léwu: ẹ fi ọwọ́ ṣa kòkòrò láàárọ̀, tàbí kí ẹ gún èso igi dóńgóyárò, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì wọ́n ọn.

Kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, ó kéré tán. Ẹ mọ odi yí ẹnu rẹ̀ ká, kí ọmọdé tàbí afọ́jú má bàa jìn sí i. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú omi tó mọ́ kí ẹ tó sè é. Egbò Buruli wọ́pọ̀ níbi tí àbàtà wà àti lẹ́bàá omi tí kò ṣàn dáadáa. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní àkùrọ̀, ẹ wọ aṣọ tó bo apá àti ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi ara gbọgbẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ kíákíá, kí ẹ sì bò ó.

6. Nígbà tí owó bá dé

A ní láti sọ òótọ́ yìí fún ara wa. Nígbà tí ọgbà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó jẹ́ làálàá nìkan ni, àwọn òtòṣì á pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí tòmátì bá ń lọ sí ọjà Ìgólò tí owó sì ń wọlé, àwọn tó ní ọwọ́ nílùú á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ebè. Wọ́n á ní opó yẹn kò ṣiṣẹ́ tó. Wọ́n á ní àlejò yẹn kì í ṣe ọmọ ìlú. Díẹ̀díẹ̀, àwọn tí a torí wọn dá ọgbà sílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Kí ni yóò dá èyí dúró? Ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀ ni. Bí ẹnì kan bá ní opó kò ṣiṣẹ́ tó, ẹ ṣí ìwé ẹgbẹ́, ẹ ka wákàtí rẹ̀ sókè. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gba ebè aláàbọ̀ ara, ẹ ka òfin ẹgbẹ́ sókè. Ẹ rán wọn létí pé orílẹ̀-èdè Benin ṣe òfin ní 2017 láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ìdí nìyí tí ìwé kíkà kì í fi ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ẹni tó lè ka orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́, ó ṣòro láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ láì jẹ́ pé ó mọ̀.

Ẹ fi òfin mẹ́ta wọ̀nyí sínú ìwé yín láti ọjọ́ kìíní:

– A kò ní gba ebè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láì gbọ́ tẹnu rẹ̀ ní ìpàdé gbogbo ẹgbẹ́.
– Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń ṣàìsàn tàbí tó bá bímọ, ẹgbẹ́ yóò bá a tọ́jú ebè rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.
– Nínú àwọn olórí ẹgbẹ́, ó kéré tán ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́ opó, tàbí àlejò, tàbí aláàbọ̀ ara.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìjọba mọ̀ yín, ẹ lè di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òfin OHADA tó jáde ní 2010, tó kan orílẹ̀-èdè wa, sọ pé ènìyàn 5 ti tó láti dá èyí tó rọrùn jù sílẹ̀. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìfọ̀nyìn bí ẹ ṣe lè ṣe é.

7. Ìbéèrè àti iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ jọ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ní kíláàsì. Kò pọn dandan kí ìdáhùn yín jọra.

1. Ta ni àáró ń fi sílẹ̀ ní àdúgbò yín? Kí ló fà á?
2. Kí ló dé tí àwọn obìnrin Kalalé fi ní ilẹ̀ ti ara wọn àti ilẹ̀ ti ẹgbẹ́?
3. Báwo ni egbò Buruli ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀? Kí ni ó yẹ kí a ṣe?
4. Ṣé ẹ gbà pé wákàtí 1 ṣíṣọ́ ọmọ jẹ́ bákan náà pẹ̀lú wákàtí 1 roko? Ẹ sọ ìdí.

Iṣẹ́ ìṣirò: Ilẹ̀ obìnrin kan gùn ní mítà 12, ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Ẹ wọ̀n ọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú okùn. Mítà onígun mẹ́rin mélòó ni? Ẹgbẹ́ kan ní ènìyàn 24. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá 100 fránkì lọ́sẹ̀. Èló ni wọ́n ń rí lọ́sẹ̀ kan? Èló ni wọ́n ń rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin? (Ìdáhùn: 120, 2400 fránkì, 9600 fránkì.)

Iṣẹ́ ilé: Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ronú kan ẹnì kan tí kì í wá sí ìpàdé ìlú. Ẹ lọ kí i nílé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ bi í ní irú ẹ̀fọ́ tó mọ̀ ọ́n gbìn, àti ohun tí kì í jẹ́ kó jáde. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì. Ibi tí ọgbà yín ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Igi kan kì í dá igbó ṣe.